Ta Ló Pa Àdéhùn Theresa May?

Àríyànjiyàn ló bí àròkọ yìí. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, tí ìwé kò ṣe é kà mọ́, ọ̀kan nínú wa tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé ní Leeds sọ pé àwọn tí kò fẹ́ kí Britain kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló pa àdéhùn tí Theresa May gbé wá sílé aṣòfin lọ́dún 2019. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, pé àwọn tó fẹ́ kúrò níbẹ̀ gan-an ló pa á. Ohùn ga sókè. Nígbà tí iná dé, a lọ wo àkọsílẹ̀ ìbò wọn. Ohun tí a rí ni pé àwọn méjèèjì ló jàre, ìyẹn ló sì dá wa lójú rú. Báwo ni ẹni tó fẹ́ lọ àti ẹni tó fẹ́ dúró ṣe pàdé lẹ́nu ọ̀nà kan náà, tí wọ́n jọ ń sọ pé "rárá"?

Kinní kan ká tó tẹ̀ síwájú. "Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì" la máa ń pe gbogbo orílẹ̀-èdè náà nílé. Níhìn-ín, Britain la ó máa pè é, torí Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ ló ni ín: Scotland wà níbẹ̀, Wales wà níbẹ̀, Àríwá Ireland náà wà lábẹ́ ìjọba kan náà. Ẹni tó bá gbàgbé Àríwá Ireland kò lè lóye ìjà yìí. Ọ̀pọ̀ olóṣèlú London gan-an gbàgbé rẹ̀ lọ́dún 2016.

Ìjà náà ti pẹ́. Charles de Gaulle, ààrẹ Faransé, ti ilẹ̀kùn mọ́ Britain lójú lẹ́ẹ̀mejì, ní 1963 àti 1967. Edward Heath ló wá mú un wọlé ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1973. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni wọ́n ti bi ará ìlú bóyá kí wọ́n dúró tàbí kí wọ́n jáde, ìdá 67.2 nínú 100 ní kí wọ́n dúró. Lásìkò yẹn, ẹgbẹ́ Labour ló pín sí méjì, débi pé Harold Wilson gba àwọn mínísítà rẹ̀ láyè kí wọ́n máa ta ko ara wọn ní gbangba. Nígbà tó yá, àìsàn náà wọ ara ẹgbẹ́ Conservative. Díẹ̀ ló kù kó gba ìjọba lọ́wọ́ John Major nígbà tí wọ́n ń jà lórí àdéhùn Maastricht ní 1992 àti 1993. David Cameron rò pé òun lè wò ó sàn. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2013 ó ṣèlérí pé bí ẹgbẹ́ òun bá wọlé, ará ìlú yóò tún dìbò lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé lọ́dún 2015. Omi tó rò pé òun fẹ́ fi pa iná inú agboolé rẹ̀, epo bẹntiróòlù ni.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Òkúdù ọdún 2016, èèyàn 17,410,742 ní kí wọ́n jáde, èèyàn 16,141,241 ní kí wọ́n dúró. England àti Wales ní kí wọ́n lọ. Scotland ní kí wọ́n dúró pẹ̀lú ìdá 62 nínú 100, Àríwá Ireland pẹ̀lú 55.8. Àwọn tiwa náà wà nínú ìbò yìí, torí òfin gba ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ń gbé níbẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́ láyè láti dìbò. Ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé ní Peckham lè dìbò. Obìnrin Faransé tó ti lo ogún ọdún ní Peckham kan náà kò lè dìbò, àfi tó bá ti gba ìwé ọmọ onílùú. Àwọn tiwa kò sì fẹnu kò. Kemi Badenoch, tó dàgbà ní Èkó, wà lẹ́yìn àwọn tó fẹ́ jáde. Bim Afolami wà lẹ́yìn àwọn tó fẹ́ dúró. Lọ́dún 2017 àwọn méjèèjì wọ ilé aṣòfin lábẹ́ àsíá Conservative kan náà.

Ìbéèrè inú ìwé ìbò kò ju ọ̀kan lọ: ṣé kí a dúró, àbí kí a jáde? Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé, bí ẹ bá jáde, níbo lẹ ń lọ? Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Norway kò sí nínú àjọ náà, síbẹ̀ ó wà nínú ọjà àpapọ̀ wọn, ó ń tẹ̀ lé òfin ọjà náà, ó sì ń dá owó. Turkey kò sí nínú ọjà àpapọ̀, ṣùgbọ́n ó bá wọn ṣe àjọṣe owó ibodè: ọ̀pọ̀ ẹrù ń kọjá láàárín wọn láìsan owó ibodè, iye kan náà ni wọ́n sì ń gbà lórí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tó bá ti ibòmíràn wá. Canada kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, àdéhùn òwò lásán ló bá wọn tọwọ́ bọ̀. Èèyàn sì lè jáde láìsí àdéhùn kankan rárá. Gbogbo èyí ló ń jẹ́ "jáde". Èyí tó wà lọ́kàn olúkúlùkù nínú mílíọ̀nù 17 ó lé yẹn, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Theresa May, tó di Olóòtú Ìjọba ní oṣù Agẹmọ 2016, òun fúnra rẹ̀ ti wà lára àwọn tó ní kí wọ́n dúró. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi le ju àwọn tó fẹ́ jáde lọ nígbà tó gorí oyè. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2017 ó kéde pé Britain yóò kúrò nínú ọjà àpapọ̀, yóò sì kúrò nínú àjọṣe owó ibodè. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà ó fi ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ránṣẹ́. Òfin àjọ náà fún un ní ọdún méjì. Bí ọdún méjì bá pé, àdéhùn wà o, àdéhùn ò sí o, Britain ti jáde nìyẹn. Ẹ fi aago yìí sọ́kàn, a ó padà bá a.

Aago ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká nígbà tó tún lọ pe ìbò gbogbogbòò. Aṣòfin rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lápapọ̀ lọ, ó fẹ́ kó pọ̀ sí i, ó sì pàdánù èyí tó wà lọ́wọ́. Conservative gba ìjókòó 317 nínú 650. Ó di dandan kó lọ bẹ DUP, ẹgbẹ́ kan láti Àríwá Ireland tí aṣòfin wọn kò ju 10 lọ, kí ìjọba rẹ̀ tó lè dúró. Báyìí ni kọ́kọ́rọ́ ilé bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ ibodè kàn jù.

Ibodè wo? Èyí tó wà láàárín Àríwá Ireland àti orílẹ̀-èdè Ireland. Ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 500. Ó gba àárín oko ẹlòmíràn kọjá. Ẹni tó bá ń wakọ̀ lọ sí ọjà lè kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó débẹ̀. Kò yẹ kí ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni tó mọ bí ìlà Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe gé Kétu kúrò lára àwọn ará rẹ̀ láti lóye èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wà nínú tiwọn. Láàárín ọgbọ̀n ọdún, ó lé ní 3,500 èèyàn tó kú nínú ìjà àwọn tó fẹ́ kí Àríwá Ireland dara pọ̀ mọ́ Ireland àti àwọn tó fẹ́ kó wà pẹ̀lú Britain. Àwọn ọmọ ogun mọ ilé ìṣọ́ sórí òkè lẹ́bàá ibodè náà, wọ́n di ọ̀pọ̀ ọ̀nà. Àdéhùn àlàáfíà ọjọ́ 10 oṣù Igbe ọdún 1998 ló paná rẹ̀. Ilé ìṣọ́ wó, ọ̀nà là. Ohun tó mú kí ó rọrùn ni pé orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ wà nínú àjọ kan náà, kò sí ẹrù tí ẹnikẹ́ni ní láti tú wò.

Bí Britain bá wá kúrò nínú ọjà àpapọ̀ àti àjọṣe owó ibodè, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹrù wò níbì kan. Wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí ibodè ilẹ̀ náà, kí àwọn aṣọ́bodè padà síbi tí ìbọn ti dún rí. Gbogbo ìhà ló ní wọn kò fẹ́ ìyẹn. Wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò lójú omi, láàárín Àríwá Ireland àti ìyókù Britain. DUP ní ó di àwọn lẹ́yìn ikú, torí yóò sọ àwọn di àjèjì nílé ara wọn. Tàbí kí gbogbo Britain dúró nínú àjọṣe owó ibodè, kó má sí ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Àwọn tó fẹ́ jáde pátápátá ní kí ni a wá jáde sí nígbà náà?

Ọ̀nà kẹta yìí ni May yà sí nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ní backstop. (A wá Yorùbá tí a lè pè é títí. Ẹnì kan nínú wa mú "afẹ̀yìntì" wá. Ẹnì kejì ní owó àwọn àgbà tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọba nìyẹn ń mú òun rántí. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.) Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, bí wọn kò bá tíì rí ọ̀nà mìíràn títí àkókò ìyípadà yóò fi parí, gbogbo Britain yóò wà nínú àjọṣe owó ibodè pẹ̀lú Yúróòpù, Àríwá Ireland yóò tún tẹ̀ lé púpọ̀ sí i nínú òfin ọjà àpapọ̀. Britain kò sì lè dá yọ ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀; ìhà méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ gbà. Nígbà tí ilé aṣòfin fipá mú ìjọba láti gbé ìmọ̀ràn agbẹjọ́rò àgbà wọn, Geoffrey Cox, síta ní oṣù Ọ̀pẹ̀ 2018, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ó lè máa lọ bẹ́ẹ̀ láìlópin.

Àdéhùn náà jẹ́ ojú ìwé 585. Backstop nìkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ àwọn ará Yúróòpù tó ń gbé ní Britain wà níbẹ̀, àti ti àwọn ará Britain tó ń gbé lọ́hùn-ún. Gbèsè tí Britain yóò san wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ìjọba fojú bù sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 39 pọ́n-ùn. Àwọn oníròyìn pè é ní owó ìkọ̀sílẹ̀, ó sì pa wá lẹ́rìn-ín, torí nínú àṣà tiwa náà, ìyàwó tó bá kọ ọkọ ló ń dá owó ìdána padà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi bẹ́ẹ̀ jà lórí ìwọ̀nyí mọ́. Ní ọjọ́ kejì tí àwọn mínísítà fọwọ́ sí i, ní oṣù Bélú 2018, Dominic Raab kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Òun gan-an ni mínísítà tí ìjáde wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dìbò nílé aṣòfin wọn kò jọ tiwa. Agogo á dún, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n fún wọn, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn á tì. Ẹni tó bá gbà á wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ẹni tó bá kọ̀ wọ ìkejì, wọ́n á sì máa kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde. Kò sí bí èèyàn ṣe lè wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìkọ̀ kó sì sọ ìdí tó fi kọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2019, aṣòfin 202 gbà, 432 kọ̀. Nínú ìtàn ìgbà ìwòyí wọn, ìjọba kankan kò tíì ṣubú tó bẹ́ẹ̀ nínú ìbò rí. Nínú àwọn 432 yẹn, 118 jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ May fúnra rẹ̀. Jacob Rees-Mogg àti Boris Johnson wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, torí wọ́n ní ẹrú Yúróòpù ni àdéhùn náà fẹ́ sọ Britain dà. Àwọn 10 ti DUP wà níbẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ibodè. Labour tí Jeremy Corbyn ń darí wà níbẹ̀, torí wọ́n fẹ́ àjọṣe owó ibodè títí láé, wọ́n sì fẹ́ ìbò gbogbogbòò. Ẹgbẹ́ SNP ti Scotland àti Liberal Democrat wà níbẹ̀, torí wọ́n ń retí kí ará ìlú tún dìbò kí wọ́n lè dúró. Wọ́n á máa fara kan ara wọn lọ́nà tóóró yẹn ni.

Ibí yìí ni aago ti wọ̀ ọ́. Àwọn tó fẹ́ jáde pátápátá ń wò ó, wọ́n ní bí a bá sáà kọ àdéhùn yìí títí ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà, òfin á gbé wa jáde láìsí àdéhùn. Àwọn tó fẹ́ dúró ń wo aago kan náà, wọ́n ní bí ẹ̀rù ìjáde láìsí àdéhùn bá bà wọ́n tó, wọ́n á dá ọ̀rọ̀ náà padà fún ará ìlú. Ìhà méjèèjì ló gbà pé aago náà ń ṣiṣẹ́ fún òun. May pàápàá gbà bẹ́ẹ̀: ó rò pé bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á wá bá òun. Ẹni tí kò rò pé ọjọ́ ń lọ, kò sí nínú wọn. Ẹni tó rò pé ọjọ́ ń lọ mọ́ òun lọ́wọ́ ni kò sí.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Ẹrẹ́nà wọ́n tún kọ̀ ọ́, 391 sí 242. Abẹnugan ilé, John Bercow, ta ìjọba lólobó pé àṣà kan wà láti ọdún 1604 tí kò jẹ́ kí wọ́n máa gbé ohun kan náà wá léraléra. Àjọ Yúróòpù sún ọjọ́ síwájú díẹ̀. May ṣèlérí fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé bí wọ́n bá gba àdéhùn náà, òun á lọ. Ìyẹn mú kí Johnson àti Rees-Mogg yí padà. Ní ọjọ́ 29, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n jáde gan-an, 286 gbà, 344 kọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí a ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Nínú àwọn 344, 34 jẹ́ Conservative, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fẹ́ jáde pátápátá. 10 jẹ́ DUP. Ká ní àwọn 44 yìí gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kejì ni, ìbò á jẹ́ 330 sí 300, Britain ì bá sì ti jáde lọ́wọ́ May. Ọ̀rọ̀ ẹnì kejì wa gún régé níhìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 1 oṣù Igbe. Àwọn aṣòfin ti gba ìwé ètò lọ́wọ́ ìjọba fún ọjọ́ náà, wọ́n ní kí àwọn fúnra àwọn wá ohun tí ilé lè gbà. Irú ìbò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òfin, àmọ́ yóò ti fi ọ̀nà hàn. Wọ́n ti dán ìmọ̀ràn 8 wò ní ọjọ́ 27, kò sí ọ̀kan tó yege. Lọ́jọ́ Ajé yìí, mẹ́rin ni. Kenneth Clarke, àgbà Conservative tó ti wà nílé aṣòfin láti 1970, dábàá àjọṣe owó ibodè: 273 gbà, 276 kọ̀. Ìbò mẹ́ta péré! Ẹni méjì ló kù kó yí padà. Èyí ì bá ti tú kókó ibodè Ireland dé ìwọ̀n kan, Labour sì ti ní òun fẹ́ irú rẹ̀. Lára àwọn tí kò sì tì í lẹ́yìn ni àwọn tó ń retí ìbò ará ìlú kejì, tí wọ́n wò ó pé bí ilé bá rí ìjáde tó rọrùn gbà, ìrètí tiwọn ti kú nìyẹn. Ìbò ará ìlú tí wọ́n ń retí náà kò yege: 280 sí 292. Nick Boles, tó dábàá ọ̀nà tó jọ ti Norway, gba 261 sí 282. Ó dìde, ó ní ẹgbẹ́ òun ò mọ̀ bí a ti í gbà fún ara ẹni, ó kéde pé òun kò bá wọn jókòó mọ́, ó sì jáde. Gbogbo wa tí a wo fídíò náà ló dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnì kìíní wa gún régé níhìn-ín.

Lórí ẹni tó jẹ̀bi jù, a kò fẹnu kò títí di òní. Àwọn kan nínú wa di ọ̀rọ̀ ru May: ó ti fàlà yíká ara rẹ̀ ní 2017 kó tó ka iye ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọ̀ràn Labour ni, pé wọ́n fẹ́ kí ìjọba ṣubú ju kí àdéhùn dára lọ. Ohun tí gbogbo wa gbà ni pé nínú oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe yẹn, ilé náà mọ gbogbo ohun tí kò fẹ́, ó ka iye rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyókù yára. May kéde ìfipòsílẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Èbìbí, Johnson rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Agẹmọ. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ó lé aṣòfin 21 kúrò lára ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé. Clarke wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Nicholas Soames, ọmọ ọmọ Winston Churchill. Ó ti ilé aṣòfin pa. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, adájọ́ 11, fohùn ṣọ̀kan pé kò bófin mu. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ọ̀wàrà ó mú àdéhùn tuntun dé. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti May, àmọ́ backstop ti lọ. Ó ti gbé ibodè sójú omi, ọ̀nà tí DUP ní ó di àwọn lẹ́yìn ikú. Ó wá pe ìbò gbogbogbòò ní oṣù Ọ̀pẹ̀, ó gba ìjókòó 365. Nígbà tí ìwé òfin àdéhùn náà dé iwájú ilé tuntun, 358 gbà á, 234 kọ̀. Britain jáde ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020.

Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Leeds wà nínú ìtàn yìí, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ ronú kàn án. Nígbà tí ọdún 2020 parí, ẹ̀tọ́ tí ará Yúróòpù ní láti wọ Britain kó sì ṣiṣẹ́ bó ṣe wù ú dópin. Òfin tuntun fi ọmọ Faransé àti ọmọ Nàìjíríà sórí ìlà kan náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Agẹmọ 2021, wọ́n ṣí ọ̀nà tó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè tó gboyè dúró fún ọdún méjì láti ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n náà lọ ní 2022, òun àti ìyàwó rẹ̀. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń lọ kàwé kò lè mú ìyàwó tàbí ọkọ lọ mọ́. Ẹni méjì nínú àwa tó kọ èyí ń wo ilẹ̀kùn yẹn lọ́wọ́lọ́wọ́, a ò ní purọ́ fún yín.

Ní ti àwọn 10 tó di kọ́kọ́rọ́ mú, ẹrù láti England ń dúró fún àyẹ̀wò ní èbúté Larne àti Belfast lẹ́yìn tí òfin tuntun bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Èrèlé 2022, DUP fi ìbínú kúrò nínú ìjọba Àríwá Ireland ní Stormont, ìjọba náà sì dúró gbagidi fún ọdún méjì. Rishi Sunak tún àdéhùn ibodè náà ṣe pẹ̀lú Yúróòpù ní 2023. 515 gbà á nílé aṣòfin, 29 péré ló kọ̀. Nígbà tí DUP padà sí Stormont ní oṣù Èrèlé 2024, ipò kejì ni wọ́n bá. Michelle O'Neill ti ẹgbẹ́ Sinn Féin, ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí Ireland di ọ̀kan, ló jókòó sí ti àkọ́kọ́.